Èdè-Ìperí fún Ihò Inú Òkúta Ẹfun

Láti ìgbà tí ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti jáde ní 1984 ni ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò: diagenesis, porosity àti permeability. Bí a bá ṣì wọ́n túmọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í mọ ìdí tí kànga kan fi ń tú epo rọ̀bì, tí èkejì rẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Òkúta ẹfun ni a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì tí àwọn bíríkìlà ń pò ní Bódìjà àti Agbowó. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń wà á ni Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun ni ó bo ibẹ̀. Ìkarahun àti àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, gẹ́gẹ́ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti í rọ̀ sí ìdí àmù. Choquette àti Pray ṣàlàyé ní 1970 pé ihò máa ń gba ìdá 40 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún irú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n nínú òkúta ẹfun tí ó gba epo dúró, ìdá 5 sí 15 ni ó wọ́pọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni a ń pè ní diagenesis. Ẹrù orí ilẹ̀ fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà pọ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ sì gbé ẹfun wá, ó fi í lẹ ẹyọ mọ́ ẹyọ. Báyìí ni ihò ṣe ń dín. Ṣùgbọ́n omi òjò tí ó ti fa irú afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta mọ́ra a máa kan díẹ̀. Bí ó bá wọlẹ̀, a yọ́ ìkarahun dànù, ojú ibi tí ìkarahun wà a sì di ihò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, magnẹ́ṣíọ̀mù a gba ipò apá kan nínú kálíṣíọ̀mù, òkúta a di dólómáìtì. Bí pàṣípààrọ̀ náà bá dọ́gba, dólómáìtì náà yóò fi nǹkan bí ìdá 12 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àtẹ̀yìnwá, ihò a sì pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ìsọdòkúta, tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn atúmọ̀, kò kájú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìyípadà náà kò dúró nígbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá di òkúta tán. Ìparadà náà kò bá a mu: èyí yẹ àwọn òkúta bíi ti Òkè Màpó, tí ooru ńlá àti ìfúnpá sọ di òmíràn.

Ìṣòro kejì ni pé a ń fi “ihò” túmọ̀ porosity àti permeability pọ̀. Ẹ wo afárá oyin: ojú rẹ̀ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ìda pààlà láàárín wọn, oyin kò sì lè ti ojú kan ṣàn bọ́ sí òmíràn. Ẹ wo ajere: ihò rẹ̀ lu já, omi kì í dúró nínú rẹ̀. Ní Ekofisk, tí a rí lábẹ́ Òkun Àríwá ní ẹ̀bá Nọ́wè ní 1969, ihò a máa gba ju ìdá 30 lọ nínú òkúta ẹfun náà. Síbẹ̀, ihò ọ̀hún kéré tó bẹ́ẹ̀ tí epo fi ń rá pálá, bí kò ṣe ibi tí òkúta bá ti sán. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì kò lè ṣàlàyé èyí.

Ẹnì kan lè wí pé inú òkúta iyanrìn ni epo tiwa ti ń wá láti ìgbà tí a ti rí i ní Oloibiri ní 1956. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú òkúta ẹfun ni epo Ghawar wà ní Saudi Arabia, tí a rí ní 1948, kò sì sí orí oko epo ilẹ̀ gbígbẹ tí ó tóbi tó o.

A dá a lábàá, nígbà náà, pé:
àyípadà gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni kí a máa pe diagenesis, kí ìfúnpọ̀, ìlẹ̀pọ̀, ìyọ́ àti ìpààrọ̀ sì jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀;
ìníhò ni kí a máa pe porosity, èyí tí í ṣe ìwọ̀n àyè òfìfo inú òkúta;
ìfàyèṣàn ni kí a máa pe permeability, èyí tí í ṣe bí òkúta ti ń jẹ́ kí ohun tí ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá.

Kí àwọn olùkọ́ dán wọn wò nínú kíláàsì. Èyí tí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, kí a pààrọ̀ rẹ̀.