Ìwé-Àṣẹ Lórí Odídẹrẹ́: Ohun Tó Yẹ Kí Àwọn Ẹgbẹ́ Mọ̀

Odídẹrẹ́ kì í ṣe ẹyẹ lásán lójú ọmọ Yorùbá. Ìwó ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ odídẹrẹ́, ìkóódẹ sì ní ipò nínú ètò adé àti oyè. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu bí ìdílé Yorùbá kan ní Kàdúná bá fẹ́ ra odídẹrẹ́ sílé, tàbí kí wọ́n fi ìkóódẹ ránṣẹ́ sí ọmọ wọn tó fẹ́ jẹ oyè ní London. Ṣùgbọ́n òfin de ẹyẹ náà, ó sì de ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní 1974 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko tó fẹ́ run. Ní 1985, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tirẹ̀ láti mú àdéhùn náà ṣẹ. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg ní 2016, wọ́n gbé odídẹrẹ́ sí ìsọ̀rí kìíní, níbi tí ààbò ti le jù lọ. Ìpinnu náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ní Ghana, àwọn onímọ̀ rí i pé, láti 1992, odídẹrẹ́ inú igbó ti dín kù ní ìdá 90 nínú 100, ó kéré tán.

Láti ìgbà náà, àdéhùn yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú odídẹrẹ́ inú igbó kọjá ẹnubodè fún títà. Bí ìdí mìíràn bá wà tí kì í ṣe òwò, ìwé méjì ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà: ọ̀kan láti orílẹ̀-èdè tí ẹyẹ tàbí ìyẹ́ náà ti ń jáde, èkejì láti ibi tó ń lọ. Ní Nàìjíríà, Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Àyíká ní Abuja ló ń fúnni ní ìwé yìí. Àjọ NESREA àti àwọn Aṣọ́bodè ló ń rí i pé a pa òfin náà mọ́.

Rìsíìtì ọjà kì í ṣe ìwé-àṣẹ. Ẹni tó sanwó fún ẹyẹ tí kò mọ orísun rẹ̀ lè pàdánù owó àti ẹyẹ, kó sì tún dé iwájú adájọ́. Àìmọ̀ òfin kì í sì í gbani lọ́wọ́ òfin.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé oṣooṣù, kí wọ́n sì gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níyànjú láti béèrè lọ́dọ̀ NESREA kí wọ́n tó rà, kí wọ́n tó tà, kí wọ́n sì tó fi ránṣẹ́. Àwọn àgbà ní odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó wà báyìí láti jẹ́ kí òwe náà ṣẹ.