Erékùṣù tí a sanwó lọ wò ní Grand-Popo, iyanrìn lásán la bá níbẹ̀

Bí wọ́n bá ta kajú tán ní Lougba, tówó wọlé díẹ̀, òkun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ oníṣòwò máa ń fẹ́ lọ wò. Kò yani lẹ́nu. Èèyàn lè dàgbà sí agbègbè Bantè kó pé ogún ọdún kó má tíì fojú kan òkun rí, nítorí láti ọ̀dọ̀ wa dé Kútọ̀nú nìkan ju 200 kìlómítà lọ. Ní oṣù kẹrin, àwa mẹ́fà kówó jọ, a gba Savalou àti Dassa, ó di Grand-Popo, ní ìwọ̀ oòrùn Kútọ̀nú, lẹ́bàá ààlà Togo.

Níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé àlejò kiri. Ọkọ̀ á gba orí odò Mono, á yà ní abúlé kan, á yà ní èkejì, títí á fi dé Bouche du Roy, ibi tí odò náà ti ń wọ inú òkun. Atukọ̀ tó gbà wá sọ pé ibi tó kẹ́yìn yìí ló dára jù, pé erékùṣù ni, pé ẹyẹ kún ibẹ̀, pé a sì lè wẹ̀. 5,000 fàránkì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. A sanwó.

Nígbà tí a débẹ̀, iyanrìn gbọọrọ kan báyìí la rí, omi ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì. Kò sí igi tí èèyàn lè jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ike omi, sílípáàsì ẹlẹ́sẹ̀ kan àti àwọ̀n tó ti já ni òkun kó jọ sí etí rẹ̀. Ẹyẹ mẹ́ta la kà. A ní ká wẹ̀, atukọ̀ kan náà tó ní a lè wẹ̀ ló tún ní ká má dán an wò, pé omi ibẹ̀ ń fa èèyàn. Ní ti ìyẹn, òótọ́ ló sọ, òkun Grand-Popo lágbára gan-an. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa tó ń ta iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye iṣu tí 5,000 fàránkì máa rà, a sì bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe irọ́ pátá ni atukọ̀ náà pa. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni kì í dúró sójú kan. Láyé àtijọ́, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi Mono á fà, òkun á fi iyanrìn dí ẹnu odò náà títí òjò á fi dé tí àgbàrá á tún ṣí i. Lọ́dún 1987 ni ìdídò Nangbéto, tí Togo àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ṣe sórí odò yìí nítorí iná mànàmáná, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà, omi ń jáde lẹ́ẹ̀rùn lójò, ẹnu odò kò dí mọ́, ó kàn ń ṣí láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni. Ibi tó bá kọjú sí, á jẹ ẹ́ lọ. Iyanrìn tí wọ́n fi han àlejò lọ́dún kan lè ti di omi lọ́dún kejì.

Òkun náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní etíkun wa, iyanrìn máa ń rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Lomé ní àwọn ọdún 1960, òkúta ńlá tí wọ́n tò sínú omi dá iyanrìn yẹn dúró, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ àwọn ìlú tó wà níwájú. Aného jìyà rẹ̀, Grand-Popo náà jìyà rẹ̀. Ilé ìṣòwò òyìnbó pọ̀ ní Grand-Popo nígbà kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òkun ti gbé mì.

Tiwa kò ju 5,000 fàránkì lọ. Àwọn ará Avlo àti àwọn abúlé tó há sáàárín ọ̀sà àti òkun, ilé wọn àti oko àgbọn wọn ló ń bá omi lọ. Lóòótọ́, Báńkì Àgbáyé ń ran Bẹ̀nẹ̀ àti Togo lọ́wọ́ láti dáàbò bo etíkun náà. UNESCO pẹ̀lú, ní 2017, fi agbègbè Mono sára àwọn ibi tó yẹ kí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ tọ́jú. Ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ já wa sí, mi ò rí pátákó kan ṣoṣo tó ṣàlàyé èyí fún àlejò. Ká ní ẹnì kan sọ ọ́ fún wa ni, iyanrìn yẹn ì bá wù wá wò.

Ibi tó dùn mọ́ wa ni ibi tí atukọ̀ fẹ́ kọjá kíákíá: abúlé àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, wọ́n á ha ilẹ̀ oníyọ̀ jọ, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á da omi lé e, omi iyọ̀ á máa kán sísàlẹ̀, wọ́n á wá gbé e kaná títí iyọ̀ á fi kù sínú ìkòkò. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yan gààrí ní Savalou á mọ wàhálà igi ìdáná. Igi etí omi tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní palétuvier ni wọ́n ń gé sí i tẹ́lẹ̀, abẹ́ gbòǹgbò igi yìí sì ni ẹja ń yé sí. Ní báyìí wọ́n ti ń gbin òmíràn, wọ́n sì fi àwọn ibì kan sábẹ́ èèwọ̀ Zàngbétò. Ẹni tó bá gé igi níbẹ̀ á fojú winá ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, torí wọn kì í se iyọ̀ lójò. Kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ bèèrè iye wákàtí tí yóò fi dúró ní abúlé oníyọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí atukọ̀ sọ ohun tó wà ní Bouche du Roy ní oṣù yẹn gan-an.