Àwọn Tí Ń Pe Ọkọ̀ Wọ Èbúté Àpápá

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Nítorí náà, kò sí ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan, bí ó ti wù kí ó mọ omi tó, tí ó gbọ́dọ̀ dá tu ọkọ̀ rẹ̀ wọ Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Nígbà tí ó bá ṣì wà lójú agbami ni yóò ti fi rédíò ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ NPA, àjọ tí ó ń ṣàkóso èbúté ilẹ̀ wa láti ọdún 1955: yóò sọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, ibi tí ó ti ń bọ̀, ẹrù tí ó kó, àti bí ìdí ọkọ̀ náà ti rì sínú omi tó. Àwọn náà yóò sì dá a lóhùn bóyá kí ó máa bọ̀, tàbí kí ó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ kí ó dúró de àyè.

Bí ó bá kàn án, páílọ́ọ̀tì, ẹni tí ń tọ́ ọ̀gá ọkọ̀ sọ́nà wọ èbúté, yóò wọ ọkọ̀ kékeré lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu òkun. Ọkọ̀ méjèèjì kì í dúró; ńṣe ni wọ́n jọ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ìgbì ń gbé èyí kékeré sókè, tí ó sì ń jù ú sílẹ̀, nígbà tí àkàbà okùn kan ń fì lára ọkọ̀ ńlá bí ilé alájà púpọ̀. Ìgbà tí ìgbì bá gbé ọkọ̀ kékeré dé òkè téńté ni páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ di àkàbà náà mú, nítorí bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ tí ó tún ń gòkè bọ̀ lè fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ irin. Bí ó bá gòkè tán, kì í gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ni yóò dúró sí, tí yóò máa sọ ibi tí wọn yóò yà sí àti bí eré yóò ti pọ̀ tó, títí tí àwọn ọkọ̀ alágbára tí à ń pè ní tọ́ọ̀gì yóò fi tì í rọra sí ẹ̀gbẹ́ wọ́ọ̀fù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn baba wa kò rí irú ìrọ̀rùn yìí. Ìyanrìn tí ó dí ẹnu ọ̀sà Èkó mú kí àwọn ọkọ̀ ńlá máa lọ sí Forcados láti já ẹrù sínú àwọn ọkọ̀ kékeré, kí ìjọba amúnisìn tó fi òkúta ṣe odi gígùn wọ inú òkun, tí omi fi rí ọ̀nà gbá ìyanrìn náà lọ. Ní ọdún 1926 ni èbúté tí ó wà ní Àpápá bẹ̀rẹ̀ sí gba ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún 1975 ni Àpápá rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí ń pe ọkọ̀ wọlé kò bá ní àṣẹ lórí ẹni tí ń ránṣẹ́ pè é láti ìlú òkèèrè. Owó epo ń wọlé wọ̀ìwọ̀ì, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ra sìmẹ́ńtì bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, tí ó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ètò ààbò ló béèrè èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èbúté Èkó kò lè já ju bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọkọ̀ tí ó lé ní 400 tò sójú òkun. Ojoojúmọ́ ni owó ìdúró ń gorí owó ìdúró, tí ọ̀rinrin òkun sì ń sọ sìmẹ́ńtì di òkúta nínú àpò. Ọ̀ràn náà dé kóòtù London, níbi tí àwọn adájọ́ ti sọ ní 1977, nínú ẹjọ́ Trendtex, pé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kò lè fi ara pamọ́ sẹ́yìn ìjọba kí ó má bàa jẹ́jọ́ gbèsè sìmẹ́ńtì. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can kí ẹrù Àpápá lè fúyẹ́. Àwọn tí wọ́n wà nídìí rédíò nígbà náà lè sọ fún ọkọ̀ pé kí ó dúró. Wọn kò lè sọ fún ọ́fíìsì ìjọba pé kí ó má tíì pè é.

Àwọn tí ń darí ọkọ̀ òfurufú láti ilẹ̀ ní Ìkẹjà mọ ìnira yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọkọ̀ òfurufú kò ní ìdákọ̀ró: bí a bá ní kí ó dúró, yíyí ni yóò máa yí po lókè, tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní àwọn ilẹ̀ tí òfurufú wọn kún, ìlú tí ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra ni wọ́n ti ń dá a dúró títí àyè yóò fi yọ níbi tí ó ń lọ. Ewu wà nínú òfurufú tí ó kún: ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, ọkọ̀ òfurufú ilé iṣẹ́ ADC tí ó ń bọ̀ ní Èkó láti Port Harcourt fẹ́ kọ lu òmíràn lójú sánmà. Bí atukọ̀ ti ń yà fún un ni ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó já lulẹ̀ nítòsí Ejìrìn. Ènìyàn 144 ló bá a lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ní Ajégúnlẹ̀, nítòsí Àpápá, níbi tí Ìlàjẹ, Ìjọ, Ùròbò àti Ígbò ti ń gbé pọ̀, tí ọ̀pọ̀ baba sì ti fi èjìká ru ẹrù wọ́ọ̀fù kí kóńtẹ́nà tó dé, orí títì ni àwọn ènìyàn ti mọ ìyà àìtò. Tirélà gba ọ̀nà Àpápá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bẹ́ẹ̀ tí aláboyún tí ọmọ ń mú kò rí ibi gbà dé ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021 ni wọ́n gbé ìlànà tí wọ́n pè ní Ètò kalẹ̀, pé kí tirélà forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì dúró ní ọgbà ìdúró títí tí èbúté yóò fi pè é. Mo gbà pé ìmọ̀ràn tí ó dára jù lọ tí a tíì dá lórí ọ̀nà yẹn nìyí, bí kò bá ti sí ẹni tí yóò máa gba ẹ̀yìn wọlé. Nítorí tirélà kan tí kò tò lè dí ọ̀nà mọ́ ogún tí ó tò, bẹ́ẹ̀ ni ará Ajégúnlẹ̀ tí kò ní ẹrù kankan ní wọ́ọ̀fù ni yóò fẹsẹ̀ rìn délé lóru.