Ìwà Ọmọlúàbí Nínú Iṣẹ́ Ẹnjiníà Ọkọ̀ Tí Ń Wa Ara Rẹ̀

Ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ kò ní ojú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àyà tí ń já. Kámẹ́rà àti rédà ni ó fi ń ríran. Kọ̀ǹpútà tí a kó ọgbọ́n àtọwọ́dá sí ni ó sì ń sọ fún un bóyá kí ó sáré, kí ó yà, tàbí kí ó dúró. Ohunkóhun tí ó bá ṣe lójú pópó, ìpinnu ènìyàn ni ó ti ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹnjiníà tí ó bá yan iṣẹ́ yìí ní láti mọ ẹ̀tọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ ìṣirò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà: bí ìjàǹbá bá di dandan, ta ni kí ọkọ̀ pa, ọmọdé ni tàbí àgbà? Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Jámánì yàn gbé ìlànà 20 kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wo ọjọ́ orí ènìyàn, tàbí bí ó ti jẹ́ akọ tàbí abo, kí ó tó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ìlànà náà dára, ṣùgbọ́n ibi tí ewu ti sábà ń wá kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2018, ní ìlú Tempe ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ Uber ń dán wò pa obìnrin kan tí ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá títì. Àjọ NTSB tí ó wádìí ọ̀ràn náà rí i pé ẹ̀rọ ti rí obìnrin náà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5.6 kí ó tó kọlù ú. Ó pè é ní ọkọ̀, ó pè é ní kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kan pè é ní ènìyàn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò fi sí i lọ́kàn pé ènìyàn lè kọjá níbi tí a kò sàmì sí. Wọ́n sì ti pa bíréèkì pàjáwìrì tí ó bá ọkọ̀ náà wá.

Àwọn àgbà ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka wo ni ó ṣẹ̀ níhìn-ín? Awakọ̀ tí a fi ṣọ́ ọkọ̀ náà, tí kò wojú ọ̀nà, ni ó jẹ́bi nílé ẹjọ́ ní ọdún 2023. A kò fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ilé-iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ ẹnjiníà bẹ́ẹ̀ ni láti béèrè, kí ọkọ̀ tó jáde, ẹni tí a gbàgbé láti kà mọ́ àwọn tí ń rìn lójú ọ̀nà, láti kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe ìpinnu kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti láti lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “Kò tíì tó àkókò.” Gbólóhùn kúkúrú yìí ni ó ṣòro jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun náà ni ó sì lè gba ẹ̀mí là.