Ìrìn-Àjò Afẹ́: Ibo Ni Ọmọ Ẹ̀gbá Yóò Kọjú Sí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá tíì dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Òwe yìí fi hàn pé Yorùbá kò ka ìrìn-àjò sí ìfowóṣòfò. Ìbi tí ó yẹ kí a lọ ni ó máa ń fa àríyànjiyàn.

Nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, ọ̀rọ̀ yìí a máa dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ a ní etíkun Èkó ni àwọn ń fẹ́, kí àwọn tẹ iyanrìn, kí àwọn sì wo àwọn ilé gogoro. Ìyá a ní owó ọkọ̀ nìkan yóò kó owó oúnjẹ lọ. Baba a dákẹ́, a máa ro iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó náà kò bá tó ju ìrìn-àjò kan ṣoṣo lọ, ibo ni kí wọ́n kọjú sí?

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó tọ́ kí arìnrìn-àjò bi ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí ó tó di ẹrù: Ta ni yóò gbà mí sílé? Kí ni èèwọ̀ ibẹ̀? Kí ni n óò mú bọ̀ wálé?

Ní ti ìbéèrè kìíní, Ẹ̀gbá kì í ṣe àlejò ní Èkó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, nígbà rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé, a lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sì lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú-irin tuntun ti ń gbéra ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, tí ó ń gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí Ìbàdàn. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká, ọmọ Abẹ́òkúta, ni a fi sọ ibùdókọ̀ tí ó wà nílùú náà. Ẹni tí ó bá ní ẹbí lẹ́bàá ọ̀nà yìí kò ní kó gbogbo owó rẹ̀ fún ilé ìtura. Ṣùgbọ́n kí ó ránṣẹ́ ṣáájú, kí ó má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Làfún, ìrẹsì ọ̀fadà tàbí àdìrẹ Ìtòkú kò ní burú.

Kí ó tún wádìí dáadáa. Bar Beach tí àwọn òbí mọ̀ nígbà èwe wọn kò sí mọ́. Ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn kọ́ sí ẹnu òkun kí ọkọ̀ ojú omi lè ráyè wọlé ni ó dí iyanrìn lọ́nà, ni òkun bá ń jẹ etíkun náà díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi da iyanrìn sínú omi láti kọ́ Eko Atlantic síbẹ̀. Ní ọdún 2024, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ibi fàájì ní etíkun Landmark nítorí òpópónà tí ó lọ sí Calabar. Ẹni tí ó bá fi ìròyìn àtijọ́ ṣe amọ̀nà lè dé ibẹ̀ kí ó bá títì.

Ìbéèrè kejì kan ẹ̀mí. Odò Ògùn ni ọmọ Abẹ́òkúta mọ̀, òkun yàtọ̀ sí odò. Ìgbì rẹ̀ a máa fa ènìyàn lẹ́sẹ̀, a sì máa gbé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ìgbà òjò ni ó le jù, àárín rẹ̀ gan-an sì ni ìsinmi gígùn ilé-ìwé ń bọ́ sí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sàn jù. Ní Tarkwa Bay, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ débẹ̀, ògiri òkúta náà ni ó dáàbò bo omi, ìdí nìyẹn tí ó fi rọ̀ díẹ̀. Níbi yòówù kó jẹ́, kí a bi àwọn apẹja léèrè. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ má wọ omi, kí ó má wọ̀ ọ́n. Ojú àlejò a máa là, kì í fi ríran.

Ìbéèrè kẹta ni ó gbé Àgbádárìgì lékè. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí a ti kó lẹ́rú, tí a sì gbà sílẹ̀ sí Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Púpọ̀ nínú wọn gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n sì gba ibẹ̀ rìn dé Abẹ́òkúta. Ọ̀nà yìí náà ni Henry Townsend tọ̀ wá bá Ṣódẹkẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1843. Nítorí kí ọ̀nà náà má baà dí ni Ẹ̀gbá ṣe lọ dó ti Adó ní àwọn ọdún 1840. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí a parí ní 1845, ṣì wà níbẹ̀ fún ọmọ láti wò. Bí a bá sọdá ọ̀sà dé Gbẹ̀rẹ̀fú, a óò tọ ipa ẹsẹ̀ àwọn ẹrú dé etí òkun. Òkun tí ó gbé wọn lọ náà ni ó gbé àwọn díẹ̀ padà. Iyanrìn wà níbẹ̀ fún ọmọ láti fi ṣeré, ìtàn sì wà níbẹ̀ tí yóò mú bọ̀.

Àmọ́, ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ọmọ tó lọ wo òkun ẹlòmíràn, ó yẹ kí ó ti wọ abẹ́ àpáta Olúmọ tí àwọn baba rẹ̀ sá sí ní nǹkan bí ọdún 1830. Owó ọkọ̀ ibẹ̀ kò lè dá ilé rú. Ọmọ tí ó bá ti gun Olúmọ yóò mọ ibi tí àwọn Sàró ń wá nígbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti etíkun, nígbà tí ó bá sì padà dé, tí ìyá àgbà bá bi í pé, “Kí ni o rí níbẹ̀?”, ẹnu rẹ̀ yóò gba ọ̀rọ̀.