Ṣé chemo ló pa á lóòótọ́?

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ níbikíbi tí ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ bá ti jáde: "Chemo ló pa á o, kì í ṣe àìsàn yẹn." Mi ò ní bá yín jiyàn pé ìtọ́jú náà kò le. Ó le gan-an. Àmọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí ń lé aláìsàn kúrò ní ọsibítù, ìyẹn ni mi ò fi lè dákẹ́.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń yára pọ̀ sí i, òun sì ni chemo ń lé. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì irun, ti ẹnu, ti ìfun àti ti ẹ̀jẹ̀ náà ń yára pọ̀, ni ìyà bá kàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń já, tí àkóràn sì fi lè tètè wọlé. Tí ibà bá mú ẹni tó ń gba chemo, ọsibítù ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń fún ara láàyè láti sinmi kí wọ́n tó tún fún un ní òmíràn. Ẹni tó bá sá lọ láàárín méjì, jẹjẹrẹ ló fún láàyè.

Ṣé chemo ń ṣiṣẹ́? Jẹjẹrẹ wo lẹ ń bi mí? Lọ́dún 1996, jẹjẹrẹ kórópọ̀n tó ṣe Lance Armstrong, eléré kẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ti dé ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Iṣẹ́ abẹ àti chemo ni wọ́n fi wò ó sàn. Jẹjẹrẹ Burkitt, tó máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé wú nílẹ̀ Áfíríkà, chemo ni olórí ìtọ́jú rẹ̀. Ti ọmú, ó lè mú kókó súnkì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, tàbí kó pa èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti ràn dé egungun, kí ẹ̀mí gùn sí i kí ìrora sì dín kù ni wọ́n sábà ń lò ó fún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àgbo, ara ewéko ni wọ́n ti rí vincristine, ọ̀kan lára oògùn chemo. Àmọ́ wọ́n mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń fúnni.

Ọ̀pọ̀ tá a ní chemo pa, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu kí wọ́n tó dé ọsibítù. Torí náà, ẹ bi dókítà: jẹjẹrẹ wo ni? Ibo ló dé? Ṣé kí chemo wò ó tán ni, àbí kó dẹ ìrora? Ẹ béèrè iye owó rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin pẹ̀lú, kówó má lọ tán lójú ọ̀nà.