Rọ́bà Tí A Fi Ń Fa Ọtí Nínú Àgbá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá fẹ́ máa fa ọtí dúdú láti inú àgbá nílé, kó má ra rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà, ká má tíì sọ ti pẹtiróòlù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹmu ní Ìmẹ̀sí-Ilé níbí, ẹ mọ̀ pé kèrègbè tó bá ti gba òórùn kì í fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà. Èyí tí wọ́n ṣe fún ohun mímu ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Ẹ wo agbára rẹ̀. Bíà lásán, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn n'Íléṣà ní 1978, gáàsì rẹ̀ kì í sábà kọjá 14 psi. Ọtí dúdú tí náítírójìn ń tì jáde, bí Guinness ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1959, ń fẹ́ 30 sí 40. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ ni.

Gígùn rẹ̀ ńkọ́? Bíà lásán ló ń fẹ́ rọ́bà tóóró tó gùn, kó má baà hó jù. Ẹnu ẹ̀rọ ọtí dúdú ní awo kékeré oníhò wẹ́wẹ́ nínú. Ibẹ̀ ni agbára gáàsì ti ń rọlẹ̀. Mítà kan àbọ̀ ti tó, kí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ ra mítà mẹ́rin, owó yín ló ń wò.

Ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́.